Èédú Enugu: Òfin Mọ Olówó, Kò Mọ Odò

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbọ́ èédú, èyí tí wọ́n fi ń sun ẹran ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òmíràn wà o, tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kóòlù. Òun ló sọ Enugu di ìlú ńlá. Òun ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ tẹ́lẹ̀ kó tó lè rìn. Òun náà ni wọ́n ń kó wá sí Ìjọrà l'Ékòó nígbà náà láti fi dá iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà.

Ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó rí kóòlù yìí lágbègbè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ní 1916 ojú irin dé ibẹ̀ láti Port Harcourt. Lọ́dún 1916 yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣòfin pé gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà, ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n tún un sọ ní 1946. Ìyẹn ni pé o lè gbin iṣu sórí ilẹ̀ baba rẹ, ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ iṣu náà kì í ṣe tìrẹ.

Àwọn tó ń wà á ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà Iva Valley dẹwọ́ iṣẹ́ nítorí owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ 18, àwọn ọlọ́pàá wá kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọrin, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ra. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó, F. S. Philip, pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Èèyàn 21 kú. Inú bí gbogbo orílẹ̀-èdè, Dókítà Akínọlá Májà sì ṣáájú ìgbìmọ̀ tó jà fún wọn l'Ékòó.

Ìtàn yẹn la máa ń rántí. Odò la kì í sábà rántí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Irin àti ìmí ọjọ́ wà pọ̀ nínú àpáta tó yí kóòlù ká. Tí atẹ́gùn àti omi bá kàn wọ́n, wọ́n á di ásíìdì. Ásíìdì yìí á bá omi ihò jáde, á fọ irin kúrò lára òkúta, omi á sì pupa bí irin tó dípẹtà. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń ti ihò Onyeama ṣàn wọ odò Ekulu. Epo rọ̀bì dé ní 1956, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísù, ogun abẹ́lé sì ti àwọn ihò náà pa. Iṣẹ́ kóòlù rọlẹ̀. Omi ò dúró.

Ní 1992, Nàìjíríà ṣòfin pé kí wọ́n yẹ ipa iṣẹ́ ńlá wò lára àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ẹni tó bá walẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe, kó sì bá àwọn ará ìlú ṣàdéhùn. Ó dáa. Àmọ́ òfin yìí kan náà ṣì sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́nì. Orúkọ olówó nìkan ló yí padà.

Ibi tó ti dùn wá nìyí: ilé-iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀, Nigerian Coal Corporation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950, ló ń wa kóòlù Enugu tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣòfin ló gbẹ́ ihò. Ta ló máa wá mú un?

Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí à ń ṣe, bí ẹnì kan bá kọ kóòdù burúkú tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwa tó kù la máa jókòó tì í. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ọmọ etí odò Ekulu kọ́ ló da omi pupa yẹn síwájú, àwọn ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí ìjọba bá lè jogún kóòlù lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kó jogún ìdọ̀tí rẹ̀ pẹ̀lú.