Àwọ̀ wo ni ogun 1967 ní? Ìtàn àwọn ọkọ̀ ológun kéékèèké

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á to ọkọ̀ ológun kékeré jọ, wọ́n á kùn ún dáadáa, wọ́n á wá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹrẹ̀ yí i lára. Ṣé wèrè ni? Rárá o. Ìtàn ni.

2/ Ní 1961, Tamiya ti ilẹ̀ Japan gbé táǹkì Panther jáde ní ìwọ̀n 1/35. Ohun tó gùn ní mítà 7 lójú ogun á di sẹ̀ǹtímítà 20 lórí tábìlì. Torí kí bátìrì lè wọ inú ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ìwọ̀n yẹn!

3/ Kí ló kan àwa? Ní August 9, 1967, nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Asaba kọjá, wọ́n sì gba Benin lọ́jọ́ yẹn gan-an. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn. Wọ́n dé Ọ̀rẹ̀. Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Ọ̀rẹ̀, Western State ni gbogbo wọn nígbà yẹn. 1976 ni wọ́n dá Ondo sílẹ̀. Ẹ̀yìn Àkókó níbí sì ni ààlà Mid-West wà.

4/ Ibi tó dùn nìyí: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá, ọkọ̀ akẹ́rù ará ìlú ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ti Ọ̀rẹ̀, ẹ má wá táǹkì kiri. Bólẹ́kájà onípákó ni kẹ́ ẹ ṣe.

5/ Ìjọba àpapọ̀ ní Saladin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ìbọn 76 mm, tí Alvis ṣe ní Coventry. Biafra náà fi irin jó tiwọn, wọ́n pè é ní Red Devil. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia.

6/ Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ògbó? Wọ́n á fi ọ̀dà dúdú tó ṣàn sí gbogbo kọ̀rọ̀ ara ẹ̀, wọ́n á nù ún. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pa etí irin. Eruku ló kẹ́yìn. Òyìnbó ń ra eruku nínú ìgò! Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, iyẹ̀pẹ̀ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹ gún un, ẹ fi aṣọ jọ̀ ọ́, ó parí.

7/ Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. August kì í ṣe ìgbà ọyẹ́. Ìgbà òjò ni, nínú igbó. Kò yẹ kí eruku bo òrùlé ọkọ̀ yẹn. Ẹrẹ̀ ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ táyà àti abẹ́ ẹ̀.

8/ Ọkọ̀ ogun tó ń dán gbinrin, irọ́ ló ń pa. Ó ń ṣe bí ẹni pé ogun ò pa ẹnì kankan. Banjo fúnra ẹ̀, Biafra ló yìnbọn pa á ní September ọdún yẹn.

9/ Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà ti ń sún mọ́ 70 báyìí. Ẹ bi bàbá àti màmá yín àgbà: ọkọ̀ wo lẹ rí? Àwọ̀ wo ló ní? Kí ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀? Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Ẹ sọ ohun tí wọ́n bá wí fún wa nísàlẹ̀ níbí. 🙏