Pípa Ọ́pdéètì Kọ́ Ni Ọ̀nà Àtiṣọ́ Dátà

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti Màpó dé Bẹyẹrunkà. Wọ́n gbà pé ọ́pdéètì tí kọ̀ǹpútà ń fúnra rẹ̀ fà wálé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa jẹ dátà lọ, àti pé ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ò bá yá gbọ́dọ̀ pa á pátápátá. Bí ènìyàn bá ra láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀, ohun tí ẹ̀ǹjíníà máa ń kọ́kọ́ bá a ṣe sí i ni pé kó pa ọ́pdéètì. Oníbàárà á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a má purọ́ mọ́ àwọn tó ní ìgbàgbọ́ yìí, wọ́n ní ìdí. Lóòótọ́, dátà wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, àfikún tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lóòótọ́, nẹ́tíwọ̀kì wa kò ṣeé gbára lé. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Lóòótọ́ náà ni pé Microsoft ṣàṣejù nígbà kan. Ní 2015, nígbà tí Windows 10 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ilé iṣẹ́ náà rọra gbé fáìlì rẹ̀, tó tó GB mélòó kan, sórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń lo Windows 7 àti 8 láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. Ẹni tí dátà oṣù rẹ̀ bá ìyẹn lọ kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 2015 nìyẹn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2019, ẹni tó ń lo Windows 10 Home pàápàá, tí kò fi bẹ́ẹ̀ láṣẹ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti lè dá ọ́pdéètì dúró títí di ọjọ́ 35. Ọ́pdéètì ńlá tó ń pa Windows dà sí ẹ̀yà tuntun kì í sì í wọlé mọ́ láìjẹ́ pé a tẹ bọ́tìnì fún un, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yà tó wà lórí ẹ̀rọ kò bá tíì súnmọ́ òpin ìtọ́jú Microsoft. Ẹ̀rọ ti yí padà, ìgbàgbọ́ ló dúró sójú kan.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ka ọ́pdéètì sí ọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí Microsoft ń gbé jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣooṣù, láti 2003 wá, dídí ihò tí ọ̀daràn lè gbà wọlé ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde gan-an ni àwọn ọ̀daràn ń mọ ibi tí ògiri ti lanu, nítorí àtúnṣe náà ló ń tọ́ka sí i fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú déètì. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n pè ní MS17-010. Ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì, vírọ́ọ̀sì WannaCry gba ihò kan náà wọlé. Ó ti fáìlì pa mọ́ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n san 300 dọ́là ní Bitcoin. Kọ̀ǹpútà tó kọlù lé ní 200,000, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní Ìlú Ọba, àwọn ọsibítù NHS fagi lé ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn. Kọ̀ǹpútà tó ti gba àtúnṣe oṣù kẹta, WannaCry kò rí ihò yẹn lára rẹ̀.

Wọ́n á ní: “Èmi kì í ṣe báńkì. Ìwé ni mò ń tẹ̀, fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe. Ta ló máa wá mi wá?” Mo gbà pé kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ wá wọn. WannaCry náà kò fi orúkọ wá ẹnikẹ́ni. Ó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí èkejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Ọ̀nà tó ń gbà ni SMB, ìyẹn ètò tí Windows fi ń pín fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láàárín kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn tó ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ Màpó: kọ̀ǹpútà márùn-ún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, gbogbo wọn so mọ́ra. Ìsopọ̀ yẹn gan-an ni títì tí vírọ́ọ̀sì ń rìn. Fláàṣì oníbàárà tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn, kò sì sí èyí tó kàn án bóyá dátà wà lórí ẹ̀rọ tàbí kò sí. Àfidéfíìtì, ìwé ilẹ̀, fọ́tò páásípọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà NIN àwọn ará àdúgbò ló wà lórí kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn. Ohun tí à ń ṣọ́ kì í ṣe kékeré.

Àṣìṣe kejì ni ìdí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé owó la fi ń ra dátà, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ ẹ́. Kò mọ̀. Bí a bá tan hotspot fóònù tí láptọ̀ọ̀pù so mọ́ ọn, Wi-Fi lásán ló sábà máa ń rí, á sì máa lò ó bí èyí tí kò ní òpin. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Network & Internet, ẹ tẹ Wi-Fi, kí ẹ wá tẹ orúkọ fóònù yín. Ẹ ó rí Metered connection níbẹ̀, ẹ tan án. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ́pdéètì kò ní wálé lórí nẹ́tíwọ̀kì yẹn àyàfi tí ẹ bá ní kó wá. Ìwọ̀nba èyí tí Windows bá kà sí kòṣeémáàní nìkan ló lè wọlé. OneDrive náà, ètò Microsoft tó ń kó fáìlì wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó pa ọ́pdéètì tí kò tan èyí, OneDrive ṣì ń fa dátà rẹ̀ lọ láìjẹ́ kó mọ̀.

Àṣìṣe kẹta ni pé wọ́n rò pé ẹni tó bá ti fo oṣù mẹ́fà ti jẹ gbèsè tí kò lè san mọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ ló máa dé pọ̀. Ní ayé àtijọ́ Windows 7, ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti Windows 10 wá, àtúnṣe oṣù yìí ti kó ti àwọn oṣù tó ṣáájú mọ́ra. Ẹni tó fo oṣù mẹ́fà, ẹyọ kan tó dé kẹ́yìn ló máa fà.

Ó wá ku nẹ́tíwọ̀kì tó ń falẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ́pdéètì MB 500, lórí nẹ́tíwọ̀kì tó ń gbé mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, á gba nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méje. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, a sì lè fi sí alẹ́ tí oníbàárà ti lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàárín, ibi tó dé ló ti máa ń tẹ̀síwájú. Ohun tó léwu ni kí iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń to àtúnṣe náà sórí ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí tọ̀nà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e. Bátìrì tó kún tàbí UPS tó ń ṣiṣẹ́ ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà márùn-ún kò sì ní láti fa MB 500 lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó di GB 2.5. Ètò kan wà nínú Windows Update tí wọ́n ń pè ní Delivery Optimization. Ẹ fún un láṣẹ kó máa gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà inú nẹ́tíwọ̀kì yín nìkan, kí èyí tí ẹ̀rọ kan bá ti fà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Lọ́jọ́ náà, ẹ pa Metered connection ná, nítorí ètò yìí kì í bá a ṣiṣẹ́. Tàbí kí ẹ fa fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan láti Microsoft Update Catalog, kí ẹ fi fláàṣì gbé e káàkiri. Fáìlì ibẹ̀ lè tóbi ju èyí tí ẹ̀rọ ń fúnra rẹ̀ fà, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí i pé ó bá ẹ̀yà Windows yín mu.

Àwọn kan á ní àríyànjiyàn ti parí, nítorí àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dópin ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Òdì kejì rẹ̀ lòótọ́. Lórí ẹ̀rọ tí kò bá sí nínú ètò àfikún ààbò Microsoft, ihò tuntun tó bá ṣí láti ọjọ́ náà lọ kò lẹ́ni tó máa dí i. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè gba Windows 11, kó gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀ǹjíníà wa, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀bẹ̀ yìí ń bọ̀. Ẹ yé pa ọ́pdéètì lórí ẹ̀rọ ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ pa. Ẹ tan Metered connection fún un, kí ẹ sì bá a mú alẹ́ kan lóṣù fún ọ́pdéètì. Dátà tó bá tán ṣeé rà. Ìwé tí vírọ́ọ̀sì bá tì pa, ẹni tó sanwó fún ọ̀daràn pàápàá kò ní ìdánilójú pé òun á rí i gbà padà.