Òṣùpá tí Kò Pupa: Ìtàn «lune rousse»

Nígbàkígbà tí ìwé Faransé bá dárúkọ «lune rousse», àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa túmọ̀ rẹ̀ sí òṣùpá pupa, wọn a sì rò pé ojú òṣùpá ni ó yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀mùnú ewéko ni ó ń pọ́n. Àwọn ológbà ilẹ̀ Faransé ni wọ́n sọ oṣù kan lórúkọ báyìí, èyí tí í lé ní avril, tí ó sì sábà máa ń kún nínú mai. Ní àsìkò náà, igi eléso ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé. Wọ́n ṣàkíyèsí pé, ní òru tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ kedere, ọ̀mùnú a rọ, a sì pọ́n bí ohun tí iná rà. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kò sí ohun tí í ṣe é. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ni ó jó o.

Arago ni ó kọ ìtàn náà sínú ìwé ọdọọdún Bureau des longitudes ti ọdún 1827. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìràwọ̀ lọ kí Ọba Louis Kejìdínlógún, ọba sì bi Laplace léèrè ohun tí «lune rousse» jẹ́, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe lára irúgbìn. Laplace, ẹni tí ó ti fi ìṣirò tọ ipasẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tí ń rìn, kò rí èsì fọ̀. Ó bi Arago, òun náà kò mọ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n tọ àwọn ológbà Jardin des Plantes lọ. (Apá yìí ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà.)

Wells, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti tẹ ìwé jáde lórí ìrì ní 1814, inú rẹ̀ ni Arago ti rí kókó ọ̀rọ̀. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóru, ohun gbogbo tí ó wà lórí ilẹ̀ a máa tú ooru ara rẹ̀ sókè. Ìkùukùu ni í dá a padà, bí aṣọ ìbora. Ewé lè fi ìwọ̀n 6 tàbí 7 tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Nítorí náà, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní ìwọ̀n 4, ọ̀mùnú ti dì. Òṣùpá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ojú ọ̀run mímọ́ tí ó jẹ́ kí a rí i ni ó jẹ́ kí ewé kú. Òótọ́ ni ohun tí àwọn ológbà rí, ìdí tí wọ́n fún un ni wọ́n ṣì.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, omi kì í dì lójú oko. Kódà ọyẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ oṣù tiwa ń tọ òjò àti ọdún òrìṣà lẹ́yìn: Ọ̀wàrà ń rán wa létí òjò tí ń rọ̀ wàràwàrà, Agẹmọ àti Ògún jẹ́ ti ọdún. Ìgbà tí oṣù bá lé ni àwọn àgbà máa ń kí i. Èyí tí ó bá kún, tí ó sì tàn títí ilẹ̀ fi mọ́, àrànmọ́jú ni, oṣù yòówù kí ó jẹ́.

Ṣùgbọ́n òṣùpá méjìlá kò ju ọjọ́ 354 lọ. Olóko tí ó bá ka òṣùpá nìkan yóò ti fi oṣù kan ṣáájú òjò láàrin ọdún mẹ́ta, nítorí náà ó ní láti máa wo òjò pẹ̀lú. Lónìí, a ti so Ọ̀wàrà mọ́ octobre, Ṣẹrẹ mọ́ janvier. Oṣù lè lé kí a má gbójú sókè. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni à ń wò.

A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bi àgbà ilé wọn léèrè orúkọ oṣù. Ọ̀kan mú mẹ́ta wá tí kò sí nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n kò rántí èyí tí ó ṣáájú. A ti rán an padà lọ bèèrè.