Agbára Ara Àwọn Jagunjagun Èkìtì

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Adó-Èkìtì níhìn-ín léèrè ohun tí ó fún àwọn jagunjagun àtijọ́ ní agbára, ìdáhùn kan náà ni wọn a máa fún wa: oògùn ni. Wọn a ka ońdè, wọn a ka ìfúnpá àti àyẹta. N kò sọ pé àwọn baba wa kò lo nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n lò wọ́n, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka gbogbo agbára wọn sí ti oògùn ti gba iṣẹ́ tí wọ́n fi ara wọn ṣe kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ogun Kírìjì. Ní ọdún 1878 ni Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀ dìde. Ó di ọdún 1886 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ-ogun tó tú ibùdó ká. Ìwé Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn àwọn balógun bí Ògèdèǹgbé, ó sì ròyìn ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ń gbé Èkó fi ránṣẹ́. Ìró ìbọn ni ogun náà tilẹ̀ fi jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé ẹ̀tù àti iṣu gun àwọn òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí? Kò sí ọkọ̀, ẹṣin kì í sì í pẹ́ láyé nínú igbó wa. Orí àti ẹsẹ̀ ènìyàn ni.

Oko ni wọ́n ti rí irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Kò gbé irin kankan. Ara rẹ̀ gan-an ni ẹrù rẹ̀. Igbà yí igi àti ẹ̀yìn rẹ̀ ká, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ, ó sì fẹ̀yìn ti igbà. Bí ó bá fẹ́ sún sókè, yóò fa ara rẹ̀ mọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, yóò jù ú sókè, yóò tún fẹ̀yìn tì í, kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ìka, ẹ̀yìn àti itan kò sinmi títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó sì fi ọkọ́ kọ ebè láti òwúrọ̀ di ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti nà ró, ju iye tí yóò lè kà lọ.

Oko a máa fúnni ní agbára. Kò kọ́ni bí a ti ń lò ó sí ẹlòmíràn. Ìjàkadì ni ó ń kọ́ni. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni a dá, nítorí náà oníjàkadì a tẹ orúnkún, a sì rẹ ìbàdí sílẹ̀. Ẹni tí ó gbójú lé apá nìkan kì í pẹ́ ṣubú. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Gama, tí a bí ní ọdún 1878 kan náà, fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ìlóṣòó léraléra kọ́ ara rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká oníjàkadì, ó sì gba ìgbànú olúborí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1910. (Ọmọ Adó tí a tọ́ dáradára ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà mélòó kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó délẹ̀!) Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Gama ní olùkọ́ tí ń ka iye rẹ̀, ayé sì pè é ní ẹ̀kọ́. Tiwa ni a pè ní iṣẹ́ lásán, a kò sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ ti àwọn obìnrin, tí wọ́n ń pọn omi gun òkè, tí wọ́n sì ń gún iyán tí gbogbo ilé ń jẹ. Tàbí ti ẹrú àti ìwọ̀fà, tí agbára wọn kì í ṣe ti ara wọn.

Àwọn adẹ́mu tí ń fi igbà gun ọ̀pẹ kò tíì tán ní Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn yìí, kí ó lọ jókòó tì wọ́n ní ìdí ọ̀pẹ, kí ó sì béèrè ibi tí ó dùn wọ́n jù lára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gùn ún.