Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ìlà Àyàsọ́tọ̀ àti Ìdì Ọ̀rọ̀ ní Òkè-Ògùn



1. Ìfáárà

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ìtàn ọba tàbí ti ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkè-Ògùn kò ṣe aláìní àwọn méjèèjì. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti ìlú kan dé èkejì ni. Láàrin nǹkan bí ogún ọdún, àwọn ará Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì kúrò nínú ayé tí tẹlifóònù ti jẹ́ nǹkan ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ọlọ́lá, wọ́n bọ́ sínú ayé tí ahunṣọ ti ń gba àwòrán aṣọ òkè láti ọwọ́ oníbàárà tí kò rí rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó yí padà kò ju pé fóònù òde òní yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé ohun tí wọ́n ń tà fún wa gan-an ni ó yí padà: tẹ́lẹ̀, àkókò ni à ń rà, nísinsìnyí, ìwọ̀n ẹrù ni à ń sanwó lé lórí. Ìyípadà yìí gbé ọ̀pọ̀ ga, ṣùgbọ́n ó lè já àwọn kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà bí a kò bá kíyè sára.

2. Àrokò àti ìlà àyàsọ́tọ̀

Bí àwọn baba ńlá wa bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹni tí ó jìnnà sọ, ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí ènìyàn dìde lọ, kí ó sì dúró níwájú ẹni náà. Èkejì ni kí ó di àrokò. Ẹni tí ó rí owó ẹyọ mẹ́fà gbà mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Nínú ọ̀nà èkíní, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ráyè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú èkejì, ìránṣẹ́ kan lè kó àrokò ẹni mẹ́wàá sínú àpò kan ṣoṣo, kí ó sì fi ti oníkálukú jíṣẹ́ nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tẹlifóònù àtijọ́ jẹ́ ìbátan ọ̀nà èkíní. Bí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn bá pe ẹni tí ó wà ní Ṣakí, a ó ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n sọ̀rọ̀, bí wọ́n dákẹ́, bí wọ́n húkọ́, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè tẹ ọ̀nà náà. Èyí ni mo pè ní ìlà àyàsọ́tọ̀. Ó ní iyì tirẹ̀: ẹni tí ó bá ti rí i gbà, kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlà gbọ́dọ̀ pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lè pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kò pọ̀. Láti ọdún 1985 tí a ti dá NITEL sílẹ̀ títí di ọdún 2001, ìlà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kéré púpọ̀, nígbà tí àwa ènìyàn ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Àwọn ìlú ńlá ni ó sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, kò sí tẹlifóònù ní ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Gáréèjì ni mo ń lọ, tí mo ń fi ìwé rán awakọ̀ sí ìyá mi. Ìwé ogún ènìyàn lè wà lọ́wọ́ awakọ̀ kan náà, orúkọ oníkálukú sì wà lára tirẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé mo ń wo àpẹẹrẹ ohun tí yóò gba ipò tẹlifóònù àtijọ́.

3. Ọdún 2001 àti ọgbọ́n fílàṣì

Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni ìjọba àpapọ̀ ta ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òpó gíga bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàrin àwọn àpáta wa díẹ̀díẹ̀. Wáyà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà àyàsọ́tọ̀ kò kúrò. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n wá ń pín. Nínú ètò GSM, a pín ìgbì kọ̀ọ̀kan sí àyè mẹ́jọ, olúkúlùkù ìpè sì gba àyè kan títí yóò fi parí. Nítorí náà, bí òpó kan bá ní ìgbì díẹ̀, ènìyàn díẹ̀ náà ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣòro láti rí ẹni pè lọ́jọ́ ọjà.

Owó ìpè jẹ́ nǹkan bí ₦50 fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún san owó ìṣẹ́jú kan gbáko, títí di oṣù kẹjọ ọdún 2003 tí Glo dé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ni àwọn ènìyàn wa ṣe? Wọ́n dá ọgbọ́n fílàṣì. Bí fóònù mi bá dún lẹ́ẹ̀kan tí ó dákẹ́, mo mọ̀ pé ìyá mi ti ti ọjà dé láyọ̀. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́dọ̀ pè é. Kò san kọ́bọ̀. Àrokò ni, ẹ̀yin ènìyàn mi! Nínú ètò GSM, ọ̀nà tóóró kan wà tí a fi ń sọ fún fóònù pé ìpè ń bọ̀. Ó yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ohùn ń gbà, owó kì í sì í wọlé lórí rẹ̀ títí a ó fi gbé ìpè. Orí ọ̀nà tóóró yìí kan náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ onílẹ́tà 160 ń gbà kọjá.

4. Ìlànà ìdì

Ìlànà kejì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ní òkè òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Paul Baran ní Amẹ́ríkà rò ó, kí okùn ìròyìn má baà já pátápátá bí ogun bá dé. Donald Davies náà rò ó fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965, òun ni ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tí mo túmọ̀ sí ìdì. Ní ọdún 1969, wọ́n fi ìlànà náà so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: a ó gé ọ̀rọ̀ sí ìdì kéékèèké, a ó kọ orúkọ ibi tí ó ń lọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdì kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ọ̀nà tí ó bá ṣófo. Níbi tí wọ́n ń lọ, a ó tún wọn tò. Bí ọ̀kan bá sọnù, a ó tún un rán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ tì í. Lórí ìlà àyàsọ́tọ̀ GSM, ìwọ̀n dátà tí ó ń kọjá kò ju bíìtì 9,600 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán aṣọ òkè kan tí ó jẹ́ 100 kílóbáìtì yóò gba ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀-ó-dín-díẹ̀ lọ, a ó sì san owó gbogbo àkókò náà. GPRS ni ó tú ìdè yìí. Ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fóònù jọ pín àyè kan náà, kí oníkálukú sì gbà á kìkì ìgbà tí ó bá ní ẹrù láti gbé. Kò wó ilé àtijọ́: ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ń so ìpè ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun sí. Nígbà tí 3G dé lẹ́yìn ìwé àṣẹ ọdún 2007, ilé náà ṣì ní yàrá méjì, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ìdì.

5. Ohun tí a rí gbà, ohun tí a lè pàdánù

Èrè rẹ̀ hàn gbangba. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kò ní láti fi ẹnu ṣàpèjúwe àwọ̀ òwú mọ́. Àgbẹ̀ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò dúró lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lóko, kí ó sì jẹ́ kí ó lọ nígbà tí ó bá dé ibi tí ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi ti fi fílàṣì sílẹ̀. Ohùn tí ó gbà sílẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ sí mi báyìí: àrokò tí ó ní ohùn olóhùn nínú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òpìtàn ni láti béèrè ẹni tí kò sí nínú ìtàn ayọ̀. Nínú ètò 4G, kò sí yàrá ohùn mọ́. Ìdì ni gbogbo rẹ̀. Fóònù tí kò bá lè sọ̀rọ̀ nípa ìdì gbọ́dọ̀ padà sórí 2G tàbí 3G kí ó tó lè pe ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, AT&T pa 2G rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ó sì pa 3G ní ọdún 2022. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilé iṣẹ́ wọn ti fi ọdún 2033 ṣe òpin fún méjèèjì. Ní Nàìjíríà, ní ọdún 2023, ó ju ìdajì ìlà alágbèéká lọ tí ó ṣì wà lórí 2G.

Ẹ wá wo Òkè-Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, pápá gbalasa, abúlé tí ó jìnnà síra. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní ahéré. Bí a bá pa ọ̀nà àtijọ́ nítorí pé tuntun dára jù ú lọ, ẹni tí ejò bù jẹ lóko lóru kò ní rí ẹni pè. Èmi kò sọ pé kí a dá ìdàgbàsókè dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má ṣe pa ìlà ohùn títí fóònù tí ó lè fi ìdì sọ̀rọ̀ yóò fi wọ́n mọ níwọ̀n ti fóònù onítọ́ọ̀ṣì, tí òpó rẹ̀ yóò sì dé ibi tí ti àtijọ́ dé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kọ́ wa pé àwọn ènìyàn wa kò dúró de ẹ̀rọ kí wọ́n tó ronú. Àrokò, ìwé ọwọ́ awakọ̀ àti fílàṣì ti fi hàn pé wọ́n mọ iyì ọ̀rọ̀ tí ó lè dá rìn. Ìlànà ìdì bá ọgbọ́n yẹn mu, ìdí sì nìyí tí ó fi tètè gbilẹ̀ láàrin wa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí àwọn tí ń la ọ̀nà tuntun rántí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ti àtijọ́.