Ogun orí tábìlì: bàbá, ọmọ, àti géèmù tí ọba Prussia fẹ́ràn

 

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá géèmù ogun rí lórí fóònù yóò mọ nǹkan mẹ́ta yìí. Ibì kan máa ń ṣú dùdù lórí àwòrán ilẹ̀, o ò sì ní mọ ohun tí ọ̀tá ń ṣe níbẹ̀ àfi tí ọmọ ogun rẹ bá débẹ̀. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní iye agbára tó ń dín kù bí wọ́n ṣe ń lù ú. Aago náà ń lọ, kò sẹ́ni tó máa dúró kí o ronú tán.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ló dá ọgbọ́n yẹn. Rárá o. Ọ̀dọ́ ológun kan ní Berlin ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan lọ́dún 1824, nígbà tí iná mànàmáná kò tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Bébà, òjé àti dáìsì ló fi ṣe é. Ìtàn òun àti bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Lọ́dún 1806, Napoleon na Prussia, ìjọba tó wá di gbòǹgbò orílẹ̀-èdè Jámánì lẹ́yìn náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣẹ́gun wọn ní Jena àti ní Auerstedt. Nígbà tí wọ́n fi máa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Tilsit lọ́dún 1807, nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ wọn ti lọ. Àwọn ọmọ ogun tí gbogbo Yúróòpù ń bẹ̀rù wá di ẹni ẹ̀sín. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ogun láì tíì lọ sógun? Ẹni tó bá ń fi ogun gidi kọ́ṣẹ́, òkú ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń san owó ìwé rẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú. Lọ́dún 1780, olùkọ́ ìṣirò kan ní Brunswick tó ń jẹ́ Johann Hellwig mú chess, ó fẹ ojú pátákó rẹ̀, ó sì kun ojú ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó fi hàn bóyá òkè ni tàbí omi. Ó dára, ṣùgbọ́n chess náà ló ṣì jẹ́. Odò gidi kì í ṣàn ní igun mẹ́rin.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Breslau, Georg Leopold von Reisswitz, ẹni tí kì í tilẹ̀ ṣe ológun, ló yọ ilẹ̀ kúrò nínú ojú ilé yẹn. Yanrìn ló kọ́kọ́ lò. Ó dà á sórí tábìlì, ó fọwọ́ mọ òkè, ó la odò, ó wá to àwọn igi kéékèèké sórí rẹ̀ bí ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ọba rí i lọ́dún 1811, inú wọn dùn, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ fún Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta. Ọba ní kí wọ́n gbé e wá kí òun náà wò ó.

Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí o, ṣé yanrìn lèèyàn ń gbé lọ síwájú ọba? Bàbá yìí ní kò jọ ọ́. Ó padà sílé, ó lọ tún un ṣe. Ohun tó gbé dé ààfin lọ́dún 1812 jọ kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ju tábìlì lọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú àti lóròó. Ohun tó jọ P.O.P. tí à ń fi ṣe àjà ilé ló fi mọ ilẹ̀ náà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, pẹ̀lú òkè àti àfonífojì lára wọn, ó sì kun ọ̀nà, odò, abúlé àti igbó sí i. O lè tò wọ́n bó ṣe wù ọ́, kí ilẹ̀ tòní má jọ tàná. Tánganran ni àwọn ọmọ ogun. Ó tilẹ̀ ní àwọn àpótí kékeré tí wọ́n ń dà bo ọmọ ogun tó bá fara pamọ́. Ọba àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń ta á ní ààfin Potsdam títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú gan-an.

Ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ ọba ni. Ta ni yóò ra irú rẹ̀ fún ọ̀gá ológun kékeré tó wà ní bárékè ìlú jíjìnnà?

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn ìyẹn. Georg Heinrich Rudolf von Reisswitz, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ní ẹ̀ka ìbọn àgbá, pa tábìlì ńlá tì. Àwòrán ilẹ̀ orí bébà ló lò, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ dúró fún 80 mítà. Ó gé òjé pẹlẹbẹ fún ọmọ ogun, pupa fún ẹgbẹ́ kan, búlúù fún èkejì. Gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí kan.

Ẹ jẹ́ ká ta á díẹ̀. Ikọ̀ méjì ni, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ìwé ni wọ́n ń kọ sí rẹfirí, bí ọ̀gágun ṣe ń kọ̀wé àṣẹ sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Rẹfirí nìkan ló mọ ibi tí gbogbo èèyàn wà. Ọmọ ogun tí ọ̀tá kò bá tíì rí, rẹfirí ò ní gbé òjé rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀. Òkùnkùn inú fóònù yín nìyẹn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ta dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ẹlẹ́sẹ̀ kò sì lè rìn kọjá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹlẹ́ṣin náà bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ yí àṣẹ padà, ìránṣẹ́ rẹ ní láti kọ́kọ́ gun ẹṣin débẹ̀. Tó bá pẹ́ lọ́nà, ó pẹ́ nìyẹn.

Tí ìbọn bá wá dún, dáìsì ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Márùn-ún ni, wọn kì í ṣe irú ti lúdò o. Àbájáde ìjà ni wọ́n kọ sójú wọn, bí ẹgbẹ́ kan bá sì ṣe lágbára ju èkejì lọ tó ló ń pinnu èyí tí rẹfirí máa jù. Ọmọ Reisswitz kò fi ọwọ́ fa iye wọ̀nyí láti òfuurufú. Àwọn ológun Prussia ti yìnbọn dánwò, wọ́n ti ka iye ọta tó ń bà àti iye tó ń tàsé. Látinú èyí ló ti ṣírò tirẹ̀.

Ọmọ ọba Wilhelm, ẹni tó wá di ọba ńlá Jámánì lẹ́yìn náà, rí i, ó sì sọ fún Karl von Müffling, olórí àwọn ọ̀gágun tó ń gbèrò ogun. Müffling kọ́kọ́ gbà wọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò. Bí òjé ṣe ń rìn lójú rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Wọ́n ní ńṣe ló pariwo pé èyí kì í ṣe eré, ẹ̀kọ́ ogun ni. Ó yìn ín nínú ìwé ìròyìn àwọn ológun, wọ́n sì pín in fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun káàkiri.

Ẹ ó rò pé ayé ọmọ náà dẹrùn láti ìgbà náà lọ. Wọ́n gbé e kúrò ní Berlin lọ sí Torgau. Lójú tirẹ̀, lílé ni wọ́n lé òun. Lọ́dún 1827, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ibí yìí máa ń dùn mí nínú ìtàn yìí. Nínú géèmù tó ṣe, ẹni tí wọ́n bá ṣẹ́ lónìí á tún tò lọ́la.

Géèmù náà kò bá a kú. Àwọn ọ̀gá ológun dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa ta á. Ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni Helmuth von Moltke, tó di olórí àwọn ọ̀gágun Prussia lọ́dún 1857. Prussia ṣẹ́gun Austria lọ́dún 1866, ó sì ṣẹ́gun Faransé nínú ogun 1870 sí 1871. Èmi ò ní sọ pé géèmù ló ṣẹ́ ogun yẹn. Reluwé àti ètò tó múná dóko wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó kù gbà bẹ́ẹ̀, gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sì sáré ṣe tiwọn.

Lọ́dún 1876, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Verdy du Vernois ní ìṣirò náà ti pọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n kó dáìsì dà nù, kí rẹfirí tó mọṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dájọ́. Ó yá kíákíá lóòótọ́. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn tán, ìdí mi sì nìyí: Wilhelm Kejì, ọmọ-ọmọ ọmọ ọba Wilhelm tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ràn kó máa darí ẹgbẹ́ kan fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń borí. Ta ni nínú wọn tó máa wo ojú ọba kó ní, Kábíyèsí, ọmọ ogun yín ti kú tán? Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Moltke kékeré, ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ti àkọ́kọ́, ṣe olórí àwọn ọ̀gágun, ó ní láti sọ fún ọba lójúkojú pé kó yé dá sí i. Dáìsì ọdún 1824 kò mọ ẹni tó ń jẹ́ ọba.

Lọ́dún 1983, wọ́n tú ìwé òfin ọmọ Reisswitz sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn sì ṣì ń ta á. Ikọ̀ kan wà ní yàrá kan, èkejì wà ní yàrá kejì, rẹfirí ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn pẹ̀lú bébà àṣẹ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí rẹfirí ń fi àwòrán ohun tí oníkálukú lè rí ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Pupa àti búlúù ni síbẹ̀, ìṣẹ́jú méjì sì ni ìgbà kan.

Ó dìgbà kan ná.