Ẹ̀rọ àti Ọgbọ́n Ayàwòrán-Ilé

Ǹjẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì àti ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé wúlò ní tòótọ́ fún yíya àwòrán ilé, àbí ariwo lásán ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ìtàn Sydney Opera House ní ilẹ̀ Ọsirélíà ti fi ìdáhùn rẹ̀ hàn láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ní 1957, Jørn Utzon, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ni ó borí nínú ìdíje àwòrán ilé náà. Òrùlé tí ó yà dà bí ìgbòkun ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ni ó fi fa ìlà rẹ̀. Kò sí ìṣirò kan pàtó tí ó rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1959, nígbà tí a kò tíì mọ bí a ó ṣe kọ́ òrùlé ọ̀hún. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Ove Arup gbé ìṣirò náà fún kọ̀ǹpútà, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ṣírò títí. Síbẹ̀, ìrísí kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò tí wọ́n sì ń pa tì.

Ní 1961 ni ojútùú dé. Utzon dábàá pé kí a gé gbogbo òrùlé náà láti ara bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, bí ẹni ń bó ọsàn. Nígbà tí ìtẹ̀sí wọn ti di ọ̀kan náà, ó ṣeé ṣe láti da kọnkéré wọn ní ẹyọ-ẹyọ tí ó jọra, kí a sì tò wọ́n pọ̀. Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ wá fakọyọ: ní ìrọ̀lẹ́, wọn a wọn ibi tí iṣẹ́ dé, wọn a fi í fún kọ̀ǹpútà, òun ni yóò sì sọ ibi tí ti ọjọ́ kejì yóò jókòó sí. Ní 1973 ni wọ́n ṣí ilé náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti rọ́bọ́ọ̀tì. Ní 2006, Gramazio àti Kohler fi rọ́bọ́ọ̀tì to bíríkì 20,000 fún ilé ọtí wáìnì kan ní Fläsch, ní Swítsáláǹdì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe dagun sí, tí ògiri fi dà bí agbọ̀n tí ó kún fún èso àjàrà. Iṣẹ́ yìí ìbá sú ọwọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì kọ́ ni ó ronú kan èso àjàrà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ti mọ ohun tí òun ń wá. Ayàwòrán-ilé tí ó bá jókòó tì í pé kí ó bá òun ronú, ìṣirò nìkan ni yóò rí gbà.